Bárakú Ọtí àti Oògùn Olóró Ní Ìwòsàn

Ẹ̀yin òbí wa, ẹ̀yin ará mọ́sáláṣí àti ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, gbogbo wa la mọ̀ pé Ọlọ́run ṣe ọtí ní èèwọ̀ fún wa. Ṣùgbọ́n bí ọmọ ẹni bá ti kó sínú rẹ̀ ńkọ́? Ṣé kí á lé e jáde nílé ni?

Ní ọdún 1971, nígbà ogun Vietnam, oògùn olóró tí à ń pè ní heroin ti di bárakú fún bí ẹnì kan nínú ọmọ ogun Amẹ́ríkà márùn-ún tó wà níbẹ̀. Wọ́n ń yẹ ìtọ̀ wọn wò. Ẹni tí wọ́n bá bá oògùn lára rẹ̀ ní láti gba ìtọ́jú kó tó padà sílé. Onímọ̀ kan, Lee Robins, tọpa wọn. Láàrin ọdún kan, nínú ọgọ́rùn-ún wọn, bíi márùn-ún péré ló tún di bárakú fún. Wọ́n ti kúrò níbi tí heroin ti wọ́pọ̀, wọ́n sì ti padà sáàrin ẹbí wọn.

Ẹ̀kọ́ ńlá nìyí fún wa. Bí a bá lé ọmọ jáde, ọ̀dọ̀ àwọn tó kọ́ ọ ni yóò padà sí.

Ẹ má nà án, ẹ má fi ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ dè é. Ẹ mú un lọ sí ilé ìwòsàn. Ẹni tó ti ń mu ọtí púpọ̀ lójoojúmọ́ kò gbọdọ̀ dá a dúró lójijì láìrí dókítà, nítorí gìrì lè gbé e, ó sì lè pa á.

Kí Ọlọ́run bá wa ṣọ́ àwọn ọmọ wa. Àmín.