ÌWÉ LÓ Ń SỌ ÈNÌYÀN DI ÈNÌYÀN NÍ BERLIN! Ojú ọmọ Amẹ́ríkà ń rí màbo nílẹ̀ Jámánì

Àwọn àgbà ní bí a ti ń ṣe nílé wa, èèwọ̀ ibòmíràn. Ọ̀pọ̀ ènìyàn níbí ló gbà pé ẹni tó bá ti ní páásípọ́ọ̀tù Amẹ́ríkà lọ́wọ́, kò sí ìlú tó tún lè dà á láàmú mọ́. Wọ́n á ní dọ́là ló ń ná, òyìnbó ló ń sọ, ta ló fẹ́ dá a dúró? Irọ́ gbuu! Ẹ bi àwọn ọmọ Amẹ́ríkà tó ń gbé Berlin, olú-ìlú Jámánì, wò. Wọ́n á sọ fún yín pé àlejò ni àlejò ń jẹ́, ì báà ṣe ọmọ ọba nílé baba rẹ̀.

Òótọ́ ni pé wọ́n rọ̀ ọ́ lọ́rùn ju ọmọ Nàìjíríà lọ. Ọmọ Nàìjíríà gbọ́dọ̀ gba físà nílé kó tó wọ bàálù. Ọmọ Amẹ́ríkà kàn máa wọ bàálù tiẹ̀ ni, yóò dé Berlin, yóò sì ní 90 ọjọ́ láti fi béèrè ìwé ìgbélùú níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ibi tó ti rọ̀ ọ́ lọ́rùn mọ nìyẹn.

Wọn kò sì ṣẹ̀ṣẹ̀ máa gbé ìlú náà. W. E. B. Du Bois, ọ̀mọ̀wé aláwọ̀ dúdú ọmọ Amẹ́ríkà tó kú sí Accra nílẹ̀ Ghana ní 1963, kàwé ní yunifásítì Berlin láti 1892 sí 1894. Owó tí wọ́n fi ń ràn án lọ́wọ́ ló tán, àwọn tó ń fún un kò sì fi kún un mọ́, ló bá padà sílé láìgba oyè tó tìtorí ẹ̀ lọ. Lẹ́yìn ogun Hitler, àwọn sójà Amẹ́ríkà wà ní apá kan Berlin láti 1945 títí di 1994. Ní 1948, nígbà tí àwọn ará Rọ́ṣíà dí ọ̀nà tí oúnjẹ ń gbà wọ apá ìwọ̀-oòrùn ìlú náà, bàálù Amẹ́ríkà àti ti Ìlú Ọba ló ń kó oúnjẹ àti èédú wọlé fún wọn. Àwọn àgbà ìlú kò gbàgbé oore yẹn. Ṣùgbọ́n oore kò ní kí akọ̀wé ọ́fíìsì má béèrè ìwé lọ́wọ́ àlejò.

Ọ̀SẸ̀ MÉJÌ PÉRÉ!

Òfin Jámánì sọ pé ẹnikẹ́ni tó bá kó wọ ilé, onílùú ni o, àlejò ni o, gbọ́dọ̀ lọ forúkọ sílẹ̀ ní ọ́fíìsì ìjọba láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Anmeldung ni wọ́n ń pè é. Láti ọdún 2015, láńlọ́ọ̀dù náà gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí ìwé pé lóòótọ́ ni ẹni yẹn kó wọlé òun. Ẹni tó bá fi falẹ̀, owó ìtanràn rẹ̀ lè tó 1,000 yúrò. Ọ̀rọ̀ yìí máa ń ya ọmọ Amẹ́ríkà lẹ́nu, nítorí pé nílé tirẹ̀, kò sí ẹni tó ń lọ sọ fún ìjọba pé òun ti kó láti àdúgbò kan sí òmíràn lọ́nà báyìí.

Ìwé yẹn ni ìyá gbogbo ìwé. Òun ló ń bí nọ́ńbà owó-orí, tí wọ́n ń fi lẹ́tà ránṣẹ́ sílé. Bí nọ́ńbà náà kò bá tètè dé ọwọ́ ọ̀gá ibi iṣẹ́, owó-orí tó wúwo jù lọ ni wọ́n máa yọ nínú owó oṣù. Báǹkì ń béèrè ibi tí ènìyàn ń gbé. Láńlọ́ọ̀dù ń béèrè ìwé owó oṣù. Ọ̀gá iṣẹ́ ń béèrè nọ́ńbà báǹkì. Kó tó di pé ènìyàn mọ ibi tí yóò ti bẹ̀rẹ̀, òòyì ti kọ́ ọ.

Ẹ sì gbọ́ ná! Nínú fọ́ọ̀mù kan náà, wọ́n á béèrè ẹ̀sìn. Ẹni tí kò fura á kọ ọ́ tayọ̀tayọ̀ pé ọmọ ìjọ Kátólíìkì lòun. Nígbà tí owó oṣù bá dé, ó ti dín! Ìjọba ló ń bá ṣọ́ọ̀ṣì gba owó lọ́wọ́ ọmọ ìjọ. Ní Berlin, bí owó-orí ènìyàn bá jẹ́ 100 yúrò, 9 yúrò tún wà lórí rẹ̀ fún ṣọ́ọ̀ṣì. Èyí kì í ṣe igbá ọrẹ tí ènìyàn lè dọ́gbọ́n ju kọ́bọ̀ sí o.

ILÉ TÍ KÒ NÍ ÀÀRÒ

Ilé gbígbà ní Berlin le bí ojú ẹja. Oríṣi owó ilé méjì ni wọ́n ń dá: èyí tó tutù àti èyí tó gbóná. Tútù ni owó yàrá lásán. Gbígbóná ni èyí tí wọ́n ti ka owó omi, owó ìmúlé-gbóná àti owó kíkó ilẹ̀ mọ́. Owó iná mànàmáná sábà máa ń dá wà lọ́tọ̀. Owó ìdúró tí láńlọ́ọ̀dù ń gbà kò gbọ́dọ̀ ju owó tútù oṣù mẹ́ta lọ, òfin sì gba ayálégbé láyè láti san án lẹ́ẹ̀mẹta. Ẹ̀yin tí ẹ ń san owó ọdún méjì lẹ́ẹ̀kan náà, ṣé ẹ gbọ́?

Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ilé ni kò ní ohun èlò ìdáná rárá. Ayálégbé tó ń jáde á tú ṣíǹkì, á tú kọ́bọ́ọ̀dù, á gbé ààrò rẹ̀ lọ, á wá ku páìpù àti wáyà lára ògiri. Ọmọ Amẹ́ríkà tó ti mọ̀ pé inú ilé ni wọ́n ń bá ààrò àti fíríjì á kan dúró, á máa wò bọ̀ọ̀. Bó bá gbé dráyà irun rẹ̀ ti Amẹ́ríkà wá, wàhálà mìíràn nìyẹn. Iná tiwọn jẹ́ 120 fóòtì, ti Jámánì jẹ́ 230. Bí dráyà náà kò bá gba méjèèjì, ẹ̀ẹ̀kan ni yóò pariwo tí yóò sì kú fin-ín-fin-ín.

Àwọn gbájú-ẹ̀ náà mọ̀ pé ilé wọ́n. Wọ́n á fi fọ́tò ilé tó rẹwà han àlejò, wọ́n á ní àwọn kò sí nílùú, kó kọ́kọ́ fowó ránṣẹ́ kí àwọn tó fi kọ́kọ́rọ́ ránṣẹ́. Ẹni tó bá fowó ránṣẹ́ kó tó fojú ara rẹ̀ rí yàrá, ó ti kó sí i nìyẹn.

SỌ́ŃDÈ, ÌLÚ PA LỌ́LỌ́

Òfin tí Jámánì kọ ní 1919 ló ní kí Sọ́ńdè jẹ́ ọjọ́ ìsinmi, wọ́n sì gbé e wọ inú òfin tuntun ti 1949. Ó ṣì múlẹ̀ di òní. Ṣọ́ọ̀bù á tì, súpámákẹ́ẹ̀tì á tì. Àfi oníbúrẹ́dì tó ń ṣí fún wákàtí díẹ̀, ilé epo, àti àwọn ṣọ́ọ̀bù inú ibùdókọ̀ rélùwéè. Ọmọ Amẹ́ríkà, tó ti mọ ọjà rírà lọ́sàn-án lóru, á ṣí fíríjì ní ọ̀sán Sọ́ńdè, kò ní bá ohunkóhun níbẹ̀.

Kò sì gbọdọ̀ kan ìṣó lọ́jọ́ náà, kò gbọdọ̀ fi ẹ̀rọ lu ògiri. Láti aago mẹ́wàá alẹ́ sí aago mẹ́fà àárọ̀ lójoojúmọ́, ariwo dópin. Bó bá ṣe pàtì tó pariwo, ará ilé ìsàlẹ̀ á gòkè wá kanlẹ̀kùn, ó sì lè pe ọlọ́pàá.

Ọ̀rọ̀ ìgò ni kò ní ṣe àwọn ìyá oníbíà wa ní àjèjì. Owó òfìfo wà lára ìgò níbẹ̀: sẹ́ǹtì 8 lórí ọ̀pọ̀ ìgò bíà, sẹ́ǹtì 25 lórí ike omi àti agolo. Ẹ̀rọ kan wà nínú súpámákẹ́ẹ̀tì tó ń gba òfìfo, tó sì ń fún ènìyàn ní ìwé tí yóò fi gba owó rẹ̀. Àwọn aláìní ń ṣa òfìfo káàkiri ìlú. Nítorí náà, ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í ju ìgò sínú garawa ìdọ̀tí, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni wọ́n ń gbé e sí kí ẹni tó ń ṣa á lè rí i mú.

Ọjà gidi náà wà. Ní ọjọ́ Túsìdeè àti Fúráìdeè, àwọn oníṣòwò ọmọ Tọ́kì àti àwọn mìíràn ń pàtẹ ní etí odò ní Maybachufer: èso, ata, aṣọ ọ̀pá, ẹja. Iye tí wọ́n kọ sára páálí ni ènìyàn ń san. Àmọ́ bí ọjà bá fẹ́ tú nírọ̀lẹ́, àwọn oníṣòwò á bẹ̀rẹ̀ sí í kígbe, wọ́n á máa dín owó kù kí ọjà má baà bà jẹ́. Ẹ ò rí i pé ìyá ọlọ́jà kan náà ni ayé ní.

"Ẹ" ÀTI "O"

Ibi kan wà tí ọmọ Yorùbá ti mọ̀ ju ọmọ Amẹ́ríkà lọ. Nínú òyìnbó, "you" kan ṣoṣo ló wà fún bàbá arúgbó àti fún ọmọ ọwọ́. Jámánì ní "Sie", tó dà bí "ẹ", ó sì ní "du", tó dà bí "o". Àgbà ló ń sọ fún ọmọdé pé ó ti lè máa fi "du" pe òun. Ọmọ Amẹ́ríkà tó bá fi "du" kí ìyá àgbà nínú ọ́fíìsì á kàn rí i pé ojú ti yí padà. Bẹ́ẹ̀ náà ni ẹni tó bá wọ yàrá tí àwọn aláìsàn ti ń dúró de dókítà gbọ́dọ̀ kí gbogbo ilé. Ẹni tó wọlé tó jókòó láìkí ẹnikẹ́ni, wọ́n á ní kò gbẹ̀kọ́.

ẸYIN ONÍṢẸ́ ỌWỌ́, Ẹ TẸ́TÍ!

Onídìrí tó ti ń ṣe irun fún ọdún mẹ́wàá ní Chicago, tó ní láísẹ́ǹsì ibẹ̀, kò lè kàn dé Berlin kó gbé ṣọ́ọ̀bù sílẹ̀. Ní Jámánì, ọmọ iṣẹ́ irun ń lo ọdún mẹ́ta: ọjọ́ kan lọ́dọ̀ ọ̀gá, ọjọ́ mìíràn ní ilé-ẹ̀kọ́. Ọ̀gá ló sì ń san owó oṣù fún ọmọ iṣẹ́, kì í ṣe ọmọ iṣẹ́ ló ń sanwó fún ọ̀gá! Lẹ́yìn fìrídọ́ọ̀mù, ó tún kù kó ṣe ìdánwò Meister, ìyẹn ìwé ọ̀gá, kó tó lè dá ṣọ́ọ̀bù tirẹ̀ sílẹ̀. Àlejò tí kò ní i gbọ́dọ̀ gba ìwé pé iṣẹ́ tó kọ́ nílé bá a dọ́gba, tàbí kó gba ẹni tó ní ìwé Meister síṣẹ́.

Ní 2004, ìjọba dín iye iṣẹ́ tí òfin yìí dè kù láti 94 sí 41. Ní 2020, wọ́n tún dá 12 padà, tó fi di 53. Oníbúrẹ́dì, alápatà, oníná àti onídìrí wà nínú rẹ̀. Télọ̀ àti aránbàtà kò sí níbẹ̀, wọ́n lè ṣí ṣọ́ọ̀bù láìní ìwé Meister. Ẹni tó ní ọmọ tó fẹ́ lọ fi iṣẹ́ ọwọ́ jẹun níbẹ̀, kó tètè mọ èyí.

OWÓ-ORÍ TÓ Ń SỌDÁ ÒKUN

Èyí ló dun àwọn ọmọ Amẹ́ríkà jù. Ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè ló ń fi ọmọ wọn sílẹ̀ tó bá ti kó lọ tó ń san owó-orí níbòmíràn. Amẹ́ríkà àti Eritrea kò gbà bẹ́ẹ̀. Ọmọ Amẹ́ríkà tó ti gbé Berlin fún ogún ọdún ṣì gbọ́dọ̀ máa kọ ìwé owó-orí ránṣẹ́ sí Washington lọ́dọọdún bí owó tó ń wọlé fún un bá ti tó iye tí òfin wí. Ọmọ tí wọ́n bí sí Berlin náà, tó jogún ìlú lára òbí, tí kò tíì fẹsẹ̀ tẹ Amẹ́ríkà rí, kò bọ́ nínú ẹ̀.

Lóòótọ́, ọ̀pọ̀ wọn kì í san owó kankan. Fún ọdún 2024, Amẹ́ríkà gbójú fo owó iṣẹ́ tó tó 126,500 dọ́là, àdéhùn sì wà láàárín ìlú méjèèjì kí wọ́n má baà gba owó-orí lẹ́ẹ̀mejì. Àmọ́ kíkọ ìwé kò ní àforíjì. Bí gbogbo owó tó wà ní báǹkì ilẹ̀ òkèèrè bá ti ju 10,000 dọ́là lọ lọ́jọ́ kan ṣoṣo láàárín ọdún, ó gbọ́dọ̀ sọ ọ́. Òfin 2010 sì ní kí báǹkì ilẹ̀ òkèèrè máa tú àṣírí owó ọmọ Amẹ́ríkà fún ìjọba wọn. Wàhálà yẹn ti mú kí àwọn báǹkì kan máa sá fún wọn. Páásípọ́ọ̀tù tí gbogbo ayé ń wá, òun gan-an ni kò jẹ́ kí báǹkì fẹ́ rí wọn!

KÍ LÓ WÁ DÁ WỌN DÚRÓ?

Nítorí pé ìlú tó ń béèrè ìwé lọ́wọ́ ènìyàn ní ohun tó ń fún un padà. Ẹni tó ń ṣiṣẹ́ ọjọ́ márùn-ún lọ́sẹ̀ gbọ́dọ̀ gba ìsinmi ogún ọjọ́ ó kéré tán lọ́dún, owó oṣù á sì pé. Kò sí òfin ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà tó fún òṣìṣẹ́ ní irú ẹ̀. Aboyún ń fi iṣẹ́ sílẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ mẹ́fà kó tó bímọ, ó sì ń sinmi ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ lẹ́yìn rẹ̀, owó ń wọlé. Bí òṣìṣẹ́ bá ṣàìsàn, ọ̀gá á ṣì san owó rẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Láti oṣù kẹjọ ọdún 2018, òbí kì í san owó ìtọ́jú ọmọ ní ilé-ẹ̀kọ́ jẹ́lé-ó-sinmi ní Berlin, àfi owó oúnjẹ. Ìyálọ́mọ tó bá ti san owó ìtọ́jú ọmọ ní New York rí, ẹ sọ fún un pé kó padà sílé, kó sọ pé òun ò lọ!

Nǹkan mìíràn tún yí padà. Tẹ́lẹ̀, ọmọ Amẹ́ríkà tó bá fẹ́ di ọmọ Jámánì sábà gbọ́dọ̀ kọ ìlú tirẹ̀ sílẹ̀. Láti ọjọ́ 27 oṣù kẹfà ọdún 2024, ó lè mú méjèèjì dání, ọdún tó sì gbọ́dọ̀ lò kó tó béèrè ti dín láti mẹ́jọ sí márùn-ún. Ó gbọ́dọ̀ gbọ́ Jámánì dáadáa, kó sì máa fi iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ jẹun. Ṣùgbọ́n bó bá di ọmọ Jámánì pàápàá tí kò kọ Amẹ́ríkà sílẹ̀, ìwé owó-orí ọdọọdún ṣì ń dúró dè é.

Ẹ̀yin ìyá ọlọ́jà, ẹ̀yin oníṣẹ́ ọwọ́ tí ẹ ń tu owó jọ láti rán ọmọ lọ sí òkè òkun, bí ọ̀rọ̀ bá rí báyìí fún ẹni tó gbé páásípọ́ọ̀tù Amẹ́ríkà dání, ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tan yín pé tẹ́ni bá ti dé, ó ti bùṣe. Kí ọmọ kọ́ èdè ìlú náà kó tó lọ. Kó kó ìwé iṣẹ́ àti ìwé ẹ̀rí rẹ̀ dání. Kó bèèrè lọ́wọ́ ẹni tó fẹ́ gbà á sílé bóyá yóò fọwọ́ sí ìwé ìforúkọsílẹ̀ fún un. Ẹni tó bá sì ní ẹbí ní Jámánì tó ní tirẹ̀ láti sọ, ojú-ewé lẹ́tà ṣí sílẹ̀.