Kí Ni "Ó Pé" Nínú Géèmù Àtijọ́?

Ní Trade Fair, mo bi ẹni tó ń ta géèmù àtijọ́ pé, "Ṣé ó pé?" Ó ní, "Ó pé pérépéré." Ohun tó ní lọ́kàn ni ẹ̀rọ, páàdì méjì, wáyà àti kásẹ́ẹ̀tì kan tó ń ṣiṣẹ́. Lójú àwọn tó ń kó géèmù jọ ní Japan àti Amẹ́ríkà, ìyẹn ò tíì pé: páálí àti ìwé ìlò gbọ́dọ̀ bá a wá.

Ta ló tọ̀nà? Ọ̀rọ̀ náà "pé" kì í dá dúró, ó ní ohun tí a fi ń wọ̀n ọ́n. Owó pé nítorí pé a mọ iye tó yẹ kó jẹ́. Famicom tí Nintendo gbé jáde ní 1983 ní páálí àti ìwé. Ṣùgbọ́n ayédèrú rẹ̀, Terminator, ni ọ̀pọ̀ wa fi ṣeré, kásẹ́ẹ̀tì tí a sì ń rà fún un kì í ní ìwé. Òmíràn kọ "9999999 in 1" sára, bẹ́ẹ̀ eré díẹ̀ ló ń tún ara wọn ṣe nínú rẹ̀. Ó pé bó ṣe jáde, àmọ́ kò pé iye tó kọ sára.

Bí a bá fi òṣùwọ̀n Japan wọn tiwa, àbọ̀ ni gbogbo rẹ̀ máa jẹ́. Nígbà tí kò sí ìwé, ìrántí ẹni tó kọ́kọ́ rà á nìkan ni ẹ̀rí. Ẹ bi wọ́n nílé kí wọ́n tó gbàgbé.