Ojú Ìwé Mẹ́rin Lójúmọ́

Bí ọdún bá ti ń bẹ̀rẹ̀, púpọ̀ nínú wa a máa pinnu pé ìwé Yorùbá méjìlá ni a ó kà kí ọdún tó parí, ọ̀kan lóṣù. Kí ìdánwò tó dé, ìpinnu náà a ti di àwátì. Ó yẹ kí èyí ká wa lára, nítorí ní Warri tí a wà yìí, Pijin la fi ń nájà, òun náà la fi ń tàkúrọ̀sọ. Ẹni tí kò bá ka Yorùbá níhìn-ín, yóò pẹ́ kó tó fojú kàn án.

Àṣìṣe wa ni pé ọdún là ń wò, a kì í wo òòjọ́. Ká ní ìwé kọ̀ọ̀kan jẹ́ 120 ojú ìwé, méjìlá jẹ́ 1,440. Bí a bá ń ka mẹ́rin lójúmọ́, ọjọ́ 360 ti tó.

Ẹ jẹ́ ká fi ìtàn àròsọ márùn-ún D. O. Fágúnwà bẹ̀rẹ̀. Ògbójú Ọdẹ Nínú Igbó Irúnmalẹ̀ jáde ní 1938, Àdììtú Olódùmarè ní 1961. Ọdún 23 ló wà láàrin wọn. Òǹkọ̀wé gan-an kò kù gìrì.

Bí àìsàn tàbí ìdánwò bá dá wa dúró fún ọ̀sẹ̀ kan, ká má ṣe fi òru kan san gbèsè ojú ìwé 28. Ká padà sórí mẹ́rin wa. Bí ó bá jẹ́ mẹ́wàá la rí kà lọ́dún, mẹ́wàá náà ti di tiwa. Díẹ̀ díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà.