Òǹkà Ìkẹyìn Nínú Nọ́ńbà Àkáǹtì, Ọlọ́dẹ Ni

Ọ̀rọ̀ òní dá lórí nọ́ńbà àkáǹtì tí a fi ń sanwó ọjà lọ sílé lójoojúmọ́. Òǹkà mẹ́wàá ni. Ṣùgbọ́n mẹ́sàn-án péré ló jẹ́ ti oníbàárà; ìkẹwàá, ọlọ́dẹ ni.

Ní 2010 ni CBN gbé ìlànà yìí jáde, NUBAN ni wọ́n pè é. Báyìí ni ìlànà 2010 náà ṣe ní kí wọ́n ṣírò rẹ̀: ẹ to kóòdù báńkì, òǹkà mẹ́ta, ṣáájú òǹkà mẹ́sàn-án yẹn. Ó di méjìlá. Ẹ wá fi 3, 7, 3 sọ wọ́n di púpọ̀, léraléra títí dé òpin. Ẹ ro gbogbo rẹ̀ pọ̀, kí ẹ yọ òǹkà tó gbẹ̀yìn àròpọ̀ náà kúrò nínú 10. Ohun tó kù ni ọlọ́dẹ. Tí àròpọ̀ bá parí sí 0, ọlọ́dẹ náà á jẹ́ 0.

Ẹ jẹ́ ká mú kóòdù 011 àti 000001457. Kóòdù mú 10 wá. Òdo ò mú nǹkan kan wá. 1 lọ́nà 3 jẹ́ 3, 4 lọ́nà 3 jẹ́ 12, 5 lọ́nà 7 jẹ́ 35, 7 lọ́nà 3 jẹ́ 21. Àpapọ̀ rẹ̀ 81. Yọ 1 nínú 10, ó ku 9. Àkáǹtì náà: 0000014579.

Kí ló dé tó jẹ́ 3 àti 7? Ẹ mú òǹkà yòówù láti 1 dé 9, ẹ fi 3 tàbí 7 sọ ọ́ di púpọ̀, kò ní parí sí 0 láé. Torí náà, tí ìka bá ṣi òǹkà kan ṣoṣo tẹ̀, ọlọ́dẹ á mọ̀. Tí 5 bá di 6, 81 á di 88, ọlọ́dẹ tó yẹ kó wà níbẹ̀ á di 2, kì í ṣe 9.

Àmọ́ ọlọ́dẹ náà máa ń sùn o! Ipò kẹta àti ìkẹrin, 3 ni wọ́n fi ń sọ méjèèjì di púpọ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni ìkẹfà àti ìkeje. Tí ẹ bá pààrọ̀ àyè wọn, àròpọ̀ ò ní yí. Ẹ wò ó: 0000041579. 81 náà ni, 9 náà ni! Tí ẹnì kan bá ni àkáǹtì yẹn ní báńkì kan náà, ọ̀dọ̀ rẹ̀ lowó yín ń lọ yẹn.

Àwọn tó sì ń fi nọ́ńbà fóònù ṣe àkáǹtì, òǹkà fóònù lásán ló wà ní ìparí tiwọn.

Nítorí náà, ẹ má gba nọ́ńbà lẹ́nu. Kí ẹni tó ń tajà fún yín tẹ̀ ẹ́ ránṣẹ́, kí ẹ dà á kọ bó ṣe wà. Kí ẹ tó tẹ PIN, ẹ ka orúkọ tó jáde, láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Orúkọ yẹn ni ọlọ́dẹ kejì, ẹ̀yin lẹ sì gbọ́dọ̀ jí i.

Ẹni tó bá ní ìbéèrè, kó ju ohùn síbí. Ọjà á tà o.