Ọ̀rọ̀ Dídùn Tí Wọ́n Fi Ń Dẹ Ọmọdé

Agbowó ni ṣọ́ọ̀bù tí mo ti ń dirun wà, kò jìnnà sí géètì Yunifásítì Ìbàdàn. Ẹnu kì í dákẹ́ níbẹ̀. Bí mo bá ń di ṣùkú fún ọmọdébìnrin kan lọ́wọ́, ọkùnrin á yọjú láti ìta, á ní, "Ìyàwó mi, o ò kí mi?" Gbogbo wa á rẹ́rìn-ín. N ò sọ pé gbogbo ẹni tó pe ọmọdé ní ìyàwó ló ní èrò burúkú. Àwọn bàbá àgbà wa náà pè wá bẹ́ẹ̀. Ohun tó ń já mi láyà ni pé ẹni tó fẹ́ ba ọmọ jẹ́ kò ní láti wá ọ̀rọ̀ kankan. Àwa àgbà ti kó o jọ dè é: ìyàwó mi, dádì, bọ̀dá tó fẹ́ràn ọmọdé.

Ní oṣù Kẹwàá ọdún 2019, BBC Africa Eye gbé fíìmù kan jáde nípa àwọn olùkọ́ yunifásítì tó ń fi ìbálòpọ̀ yọ akẹ́kọ̀ọ́ lẹ́nu, Kiki Mordi ló ṣaájú ìwádìí náà. Ọ̀kan nínú àwọn oníròyìn díbọ́n bí ọmọ ọdún 17 tó ń wá ààyè sí Yunifásítì Èkó, ó lọ bá olùkọ́ kan, Boniface Igbeneghu. Ọkùnrin náà rán an létí pé pásítọ̀ ni òun, ó sì fi ẹnu ara rẹ̀ sọ pé bí òun bá fẹ́ ọmọ ọdún 17, ahọ́n dídùn àti owó díẹ̀ lọ́wọ́ ọmọ náà ti tó. Yàrá kan tún wà ní kílọ́ọ̀bù àwọn olùkọ́ tí wọ́n ti ń fọwọ́ pa àwọn akẹ́kọ̀ọ́ lára. "Cold room" ni wọ́n ń pè é. Ta ni yóò gbọ́ irú orúkọ bẹ́ẹ̀ tí yóò fura? Yunifásítì náà lé Igbeneghu kúrò níṣẹ́ ní ọdún 2021.

Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé ti ọdún 2003 sọ pé ọmọdé ni ẹni tí kò tíì pé ọdún 18. Ìwádìí tí wọ́n ṣe káàkiri Nàìjíríà ní 2014 fi hàn pé, kí wọ́n tó pé ọmọ ọdún 18, ọmọbìnrin kan nínú mẹ́rin àti ọmọkùnrin kan nínú mẹ́wàá ni wọ́n ti fi ìbálòpọ̀ fìyà jẹ. Ẹ má gbàgbé àwọn ọmọkùnrin yẹn.

Àwa òbí ni ọ̀rọ̀ dídùn ẹni tó fẹ́ ba ọmọ jẹ́ máa ń kọ́kọ́ bá. "Ẹ má dààmú, màá bá yín mú un wá láti sùkúù." "N ò ní gbowó lẹ́sìnnì." Ìyá tó ń tajà ní ọjà Bódìjà títí ilẹ̀ á fi ṣú, ṣé kò ní dúpẹ́? Lẹ́yìn náà ni yóò kan ọmọ: "O gbọ́n ju ẹgbẹ́ ẹ lọ." "Mọ́mì ẹ ò mọ̀ ẹ́ tó bí mo ṣe mọ̀ ẹ́." Tó bá yá, ó di "eré tiwa," ó di "àṣírí àwa méjèèjì." Ìgbẹ̀yìn rẹ̀ ni "tí o bá sọ, wọn á tì mí mọ́lé, ìwọ lo fà á."

Ọ̀rọ̀ tó ń ya ọmọ kúrò lọ́dọ̀ àwọn tó ni ín ni kí a fetí sí, bó ti wù kó dùn tó. Gbogbo àṣírí kọ́ ló burú. Ẹ̀bùn ọjọ́ ìbí tí a fi pamọ́ fún bàbá, gbogbo ilé ló máa mọ̀ ọ́n lọ́jọ́ náà. Àṣírí tí kò lọ́jọ́ tí yóò tú, tó jẹ́ pé àgbàlagbà ló ní kí ọmọ pa á mọ́, ẹ dìde sí i.

Tí ọmọ bá ní "bọ̀dá bá mi ṣeré," ẹ bi í pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́: eré wo? Níbo? Ta ló tún wà níbẹ̀? Tó bá ní "ó fọwọ́ kàn mí níbẹ̀," ẹ jẹ́ kó sọ ibẹ̀ náà. Ìdí nìyí tí mo fi ń bẹ àwọn ìyá pé kí wọ́n kọ́ ọmọ ní orúkọ gbogbo ẹ̀yà ara rẹ̀, èyí tí tísà, dókítà àti ọlọ́pàá á gbọ́ tí á yé wọn. Ìtìjú wa ń pa ọmọ lẹ́nu mọ́.

Àwa náà a máa fi ọ̀rọ̀ dídùn bò ó tọ́rọ̀ bá ti tú. "Ọ̀rọ̀ ẹbí ni." "Èṣù ló tì í." Rárá o! Ẹ má fọ aṣọ ọmọ, ẹ má wẹ̀ ẹ́. Ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn UCH n'Ìbàdàn tàbí ilé ìwòsàn ìjọba tó bá sún mọ́ yín lójú ẹsẹ̀, torí oògùn tó ń dènà kòkòrò HIV gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ láàárín wákàtí 72. Ọlọ́pàá tó ń wádìí ọ̀ràn wà ní Ìyágankú, n'Ìbàdàn. Ẹ má sì jẹ́ kí ọmọ tún ìtàn náà sọ fún gbogbo àdúgbò. Kí ẹ tó gbéra nílé, ẹ sọ fún un pé ẹ gbà á gbọ́, àti pé kì í ṣe òun ló jẹ̀bi.