Nígbà tí Bàálù Bá Tóbi Ju Ìlú Lọ

Bí àwọn ọlọ́kọ̀ òfurufú ilẹ̀ Kánádà ṣe ń yan ọ̀nà, àti ohun tí ojú àwọn ìlú kéékèèké ń rí

Ìwọ̀n eku ni ìwọ̀n ìtẹ́. Ọ̀rọ̀ àwọn àgbà yìí ni ó wá sí wa lọ́kàn bí a ti ń yẹ ọ̀ràn àwọn ọlọ́kọ̀ òfurufú ilẹ̀ Kánádà wò. Ní ọjọ́ 30 oṣù kẹfà ọdún 2020, Air Canada, tí ó jẹ́ ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ òfurufú tí ó tóbi jù lọ ní ilẹ̀ náà, kéde pé òun kò ní ná ọ̀nà 30 mọ́. Ó sì ti ọ́fíìsì rẹ̀ pa ní pápákọ̀ òfurufú ìlú mẹ́jọ: Bathurst, Wabush, Gaspé, Baie-Comeau, Mont-Joli, Val-d'Or, Kingston àti North Bay.

Àrùn kòrónà ni wọ́n dá lẹ́bi, irọ́ sì kọ́, nítorí èrò ṣọ̀wọ́n lójú ọ̀nà ní ọdún náà. Ṣùgbọ́n kí àrùn náà tó dé ni ilẹ̀ ti ń yọ̀ lábẹ́ ẹsẹ̀ irú àwọn ìlú bẹ́ẹ̀. Ẹ jẹ́ kí a tú u wò.

ILẸ̀ FẸ̀, ÈNÌYÀN KÒ PỌ̀

Lẹ́yìn Rọ́ṣíà, kò sí orílẹ̀-èdè tí ilẹ̀ rẹ̀ tó ti Kánádà ní gbogbo ayé. Síbẹ̀, nǹkan bí 41 mílíọ̀nù ènìyàn péré ni ó ń gbé inú rẹ̀. Nínú ẹni mẹ́ta, méjì ń gbé ní ibi tí kò ju 100 kìlómítà lọ sí ààlà Amẹ́ríkà. Ìyókù fọ́n ká sínú igbó, etí òkun àti ilẹ̀ yìnyín. Ní Nunavut, lápá àríwá, ìlú 25 ni ó wà, kò sì sí títì kan tí ó so èyíkéyìí pọ̀ mọ́ èkejì. Bàálù ni títì wọn. Òun ni ó ń gbé oúnjẹ wá, òun náà ni ó ń gbé aláìsàn lọ sí ilé ìwòsàn ńlá.

ÌṢIRÒ ỌLỌ́KỌ̀

Ẹ̀yin oníṣòwò yóò tètè lóye èyí. Aṣọ tí a kò bá tà lónìí, a ó ká a sínú àpótí di ọjọ́ ọjà mìíràn. Ìjókòó bàálù kò rí bẹ́ẹ̀. Bí bàálù bá ti gbéra, ìjókòó tí ó ṣófo ti bàjẹ́ nìyẹn, bí tòmátò. Owó epo, owó oṣù awakọ̀, owó tí a ń san fún pápákọ̀, wọn kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀, ìbáà jẹ́ ènìyàn 20 tàbí 70 ni ó wọlé. Nítorí náà, ohun méjì ni ọlọ́kọ̀ gbọ́dọ̀ bi ara rẹ̀: èrò mélòó ni ó wà ní ọ̀nà yìí, bàálù wo ni ó sì ṣe déédéé wọn?

Ẹ wo ilé-iṣẹ́ WestJet. Ìlú Calgary ni ó ti bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kejì ọdún 1996, pẹ̀lú bàálù mẹ́ta péré, Boeing 737 sì ni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ìlú márùn-ún ni ó ń ná. Ọgbọ́n wà nínú irú kan ṣoṣo yìí. Ẹ̀kọ́ kan náà ni gbogbo awakọ̀ kọ́. Ẹ̀yà ẹ̀rọ irú kan ni wọ́n ń kó pamọ́. Bí ọ̀kan bá sì dá iṣẹ́ sílẹ̀, òmíràn á rọ́pò rẹ̀. Òwò náà gbèrú. Ṣùgbọ́n 737 kò lè máa wọ ìlú kékeré kí ó jèrè. Ní ọdún 2013, WestJet dá ẹ̀ka Encore sílẹ̀, ó fi bàálù Dash 8 tí ó ní ìjókòó 78 ná irú àwọn ìlú bẹ́ẹ̀. Ní 2019 ẹ̀wẹ̀, ó gbé Boeing 787 tí ó ní ìjókòó 320 wọlé, kí ó lè ti Calgary lọ sí London, Paris àti Dublin. Irú kọ̀ọ̀kan tí ó wọlé ni ó mú ẹ̀kọ́ tuntun àti ìnáwó tuntun dání. Nígbà tí ó di 2022, ó kéde pé ìwọ̀-oòrùn Kánádà ni òun yóò gbájú mọ́, ó sì dín ìrìn rẹ̀ kù ní ìlà-oòrùn.

Àwọn mìíràn kò rí ààyè tún ìṣirò ṣe. Jetsgo kógbá wọlé lóru nínú oṣù kẹta ọdún 2005. Èrò dé pápákọ̀ pẹ̀lú tíkẹ́ẹ̀tì lọ́wọ́, wọn kò bá bàálù. Lynx bẹ̀rẹ̀ ní 2022. Kò pé ọdún méjì tí òun náà fi ti ilẹ̀kùn, nínú oṣù kejì ọdún 2024.

BÀÁLÙ KÉKERÉ Ń TÁN LỌ

Ibí yìí gan-an ni ọ̀rọ̀ gbé dun ìlú kékeré. Ní Toronto ni wọ́n ti ń ṣe irú Dash 8 kan tí ìjókòó rẹ̀ tó 50, tí ó bá irú ìlú bẹ́ẹ̀ mu. Ní ọdún 2009, wọ́n dẹ́kun ṣíṣe é. Bí bàálù bá ṣe tóbi tó ni ìnáwó orí ìjókòó kọ̀ọ̀kan ṣe ń dín kù, èyí tí ó tóbi ni àwọn ọlọ́kọ̀ sì ń béèrè.

Ẹ jẹ́ kí a fi àpẹẹrẹ ṣe ìṣirò tiwa. Ká ní ìlú kan ní èrò 60 lójúmọ́. Bàálù oníjòkó 50 lè wá lẹ́ẹ̀mejì, ní òwúrọ̀ àti ní ìrọ̀lẹ́. Ẹni tí ó lọ rí dókítà á padà wá sùn sílé. Bàálù oníjòkó 78 yóò wá lẹ́ẹ̀kan péré. Ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ kò ju wákàtí méjì lọ á di ẹni tí ń sanwó òtẹ́ẹ̀lì. Ní ìgbà kejì, á kúkú wa mọ́tò rẹ̀ lọ sí pápákọ̀ ńlá. Èrò 60 á di 45, 45 á di 30, ọlọ́kọ̀ á sì ní òwò kò lọ mọ́. Wọn á ní ìlú ni kò wọkọ̀, bẹ́ẹ̀ bàálù ni ó kọ́kọ́ tóbi ju ìlú lọ.

Ní àríwá, ilẹ̀ ni ó ń yan bàálù. Òkúta wẹ́wẹ́ ni ó wà lórí ọ̀pọ̀ pápákọ̀ níbẹ̀, kì í ṣe ọ̀dà. Ẹ́ńjìnnì bàálù ìgbàlódé tóbi, ó sì sún mọ́ ilẹ̀. Á fa òkúta mì. Ìdí nìyí tí ilé-iṣẹ́ bíi Nolinor fi di Boeing 737-200 mú, èyí tí wọ́n ti dẹ́kun ṣíṣe láti ọdún 1988. Àwọn awakọ̀ kan wà tí bàálù wọn jù wọ́n lọ ní ọjọ́ orí.

TA NI YÓÒ RU ẸRÙ NÁÀ?

Láti ọdún 1978 ni ìjọba Amẹ́ríkà ti ń fowó ran ọlọ́kọ̀ lọ́wọ́ kí bàálù lè máa dé àwọn ìlú kéékèèké. Ìjọba àpapọ̀ Kánádà kò ní irú ètò bẹ́ẹ̀ fún gbogbo ilẹ̀ náà. Ní 2022, ìjọba Québec gbé ètò tíkẹ́ẹ̀tì àlọ-àbọ̀ tí kò ju 500 dọ́là lọ kalẹ̀ fún àwọn ìlú tí ó jìnnà. Ó dára. Ṣùgbọ́n tíkẹ́ẹ̀tì tí ó rọjú kò lè pe bàálù tí kò sí. Nǹkan bí 700 kìlómítà ni ará Gaspé yóò wakọ̀ kí ó tó dé ìlú Québec.

A kò dá ọlọ́kọ̀ lẹ́bi pé ó sá fún àdánù. Kò sí ẹni tí ń fi gbèsè ṣòwò pẹ́. Ṣùgbọ́n kò tọ́ kí a fi ọ̀nà ilé ìwòsàn sílẹ̀ fún ìṣirò èrè nìkan. Bí ìjọba bá fẹ́ ran irú ìlú bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́, ibi bàálù gan-an ni kí owó náà kọ́kọ́ lọ: bàálù tí ó mọ níwọ̀n, tí ó ń wá lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́. Bí ìtẹ́ bá ti ṣe déédéé, eku kò ní ṣí lọ.