Ṣé O Mọ̀? Olè Kan Wà Lórí Òdòdó Durumi!

Ó dájú pé o ti rí hummingbird lórí fóònù, ẹyẹ bíńtín tó ń dúró sójú kan nínú afẹ́fẹ́, tó tún ń fò sẹ́yìn. Ṣé o mọ̀ pé bí o bá wá a káàkiri Àbújá, láti Durumi títí dé Gwarinpa, o ò ní rí ẹyọ kan? Irú wọn lé ní 350, ilẹ̀ Amẹ́ríkà ti àríwá àti ti gúúsù ni gbogbo wọn wà.

Dúró ná! Jámánì ni wọ́n ti wú egungun àwọn baba ńlá wọn jáde, èyí tó ti wà nílẹ̀ fún nǹkan bí 30 mílíọ̀nù ọdún. Kò sẹ́ni tó rí wọn nígbà tí wọ́n kẹ́rù kúrò níbẹ̀.

Èyí tó kéré jù nínú wọn, tó wà ní Kúbà, kò tó gíráàmù 2. Káàdì ATM rẹ wúwo ju méjì wọn lọ. Ọkàn hummingbird sì lè lù tó ìgbà 1,200 láàárín ìṣẹ́jú kan ṣoṣo!

Ó tó, ká padà sílé. Ẹyẹ ẹlẹ́nu ṣóńṣó tó ń da òdòdó hibiscus láàmú lẹ́gbẹ̀ẹ́ fẹ́ǹsì rẹ, sunbird ni. Ìwọ náà rò pé ẹbí hummingbird ni, àbí? Irọ́ o! Ẹ̀gà aláriwo sún mọ́ sunbird nínú ẹbí ju hummingbird lọ. Omi dídùn inú òdòdó tí àwọn méjèèjì ń mu ló jẹ́ kí ẹnu wọn jọra.

Wo akọ sunbird kan dáadáa láàárọ̀. Nínú ibòji, dúdú ni; ó kàn yí ọrùn sí oòrùn, ọ̀fun rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í dán bí ewé tútù, bẹ́ẹ̀ ni kò sí aró àwọ̀ ewé kankan níbẹ̀. Ìmọ́lẹ̀ tó ń ta lára ìyẹ́ rẹ̀ ló ń tàn ọ́ jẹ.

Olè náà sì ni! Bí òdòdó bá gùn ju ẹnu rẹ̀ lọ, kì í gba ẹnu ọ̀nà wọlé, ìdí òdòdó ló máa dá lu, tí á mu tán, tí á bá tirẹ̀ lọ.

Àfòmọ́ ńkọ́? Òdòdó àwọn kan nínú wọn máa ń di ara pa títí sunbird á fi fẹnu tọ́ ọ, ni yóò bá là pàá, tí á da ìyẹ̀fun rẹ̀ sí ẹyẹ lórí.

Òwú aláǹtakùn ni abo sunbird fi ń so ilé rọ̀. Akọ ńkọ́? Ó lè wà nídìí digi mọ́tò rẹ, tó ń bá òjìji ara rẹ̀ jà.

Sunbird nìkan kọ́ ló ní ìtàn o. Ní Jos, ẹyẹ ló fi ẹyẹ han àwọn onímọ̀! Ẹyẹ kan tí wọ́n ń pè ní indigobird níbẹ̀ kì í kọ́lé, ilé ẹyẹ mìíràn ló ń yé sí, orin onílé náà ló sì ń kọ. Onímọ̀ ẹyẹ kan, Robert Payne, tọpa orin náà, ó bá ẹyẹ pupa orí àpáta kan tí kò tíì lórúkọ, ó sì sọ ọ́ lórúkọ ní 1998.

Ìbàdàn náà ní tirẹ̀: Ibadan malimbe, ẹbí ẹ̀gà, tí onímọ̀ ẹyẹ kan, Elgood, fún lórúkọ ní 1958. Gúúsù ìwọ̀-oòrùn Nàìjíríà nìkan ló wà ní gbogbo ayé, ó sì ti ń lọ sí ìparun.

Ní Boje, Cross River, alápàńdẹ̀dẹ̀ tó máa ń sùn nínú koríko orí òkè nígbà ẹ̀ẹ̀rùn tó mílíọ̀nù kan ààbọ̀. Yúróòpù ni wọ́n ti ń fò wá. Tẹ́lẹ̀, inú ọbẹ̀ ni ọ̀pọ̀ wọn ń parí ìrìn àjò sí.

Ní Laminga, lẹ́gbẹ̀ẹ́ Jos, ilé ìwádìí A.P. Leventis wà tó jẹ́ pé ọ̀rọ̀ ẹyẹ ni iṣẹ́ rẹ̀. Àwọ̀n tín-ínrín ni wọ́n ń ta. Wọ́n á fi ẹyẹ sínú àpò aṣọ kékeré, wọ́n á wọ̀n ọ́n, wọ́n á fi òrùka onínọ́ńbà sí i lẹ́sẹ̀, wọ́n á tú u sílẹ̀.

Igún tó wọ́pọ̀ nílé ẹran láyé àwọn bàbá wa ńkọ́? Láti 2015 ló ti wà lára àwọn ẹyẹ tó sún mọ́ ìparun jù lọ láyé.

Ìwọ náà lè bá àwọn onímọ̀ ka ẹyẹ! Nigeria Bird Atlas Project pín gbogbo Nàìjíríà sí igun mẹ́rin-mẹ́rin tí ìbú àti òró ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ bíi kìlómítà 9, Durumi sì wà nínú ọ̀kan. Gbé áàpù BirdLasser sórí fóònù, fi wákàtí méjì ó kéré tán wo ẹyẹ láàárọ̀ Sátidé, kí o fi orúkọ wọn ránṣẹ́.